Epo Òṣùpá

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín kò tíì mọ́ mi lára,

Ó rẹ̀ mí, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tí í da inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ènìyàn. Ìwé tí mo ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí pàápàá, òjò, iṣẹ́ àti iye wákàtí tí iná fi lọ ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lónìí tí n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè rò ó fún. Màámi wọ ọkọ̀ ìjàpá yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó lè má jọ ìròyìn lójú yín. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí.

Lẹ́yìn tí a sin yín tán, orúnkún ọ̀tún Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìtọ́jú ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni dókítà kọ fún wọn ní Àpápá, wọn yóò máa na ẹsẹ̀ náà, wọn yóò máa ká a. Bí wọ́n bá pa ìtọ́jú yìí jẹ, orúnkún yóò gan, wọn kò sì ní lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ lọ, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga jù fún wọn. Ní ọjọ́ kan, awakọ̀ kò dúró dáadáa, wọ́n ṣubú sí etí gọ́tà lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì di èèwọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, orúnkún sì ń wú sí i.

Ìjàpá yín sì wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, lábẹ́ tapólì, ní ẹ̀gbẹ́ ìyẹ̀wù wa ní Ajégúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ojútùú ọ̀rọ̀ náà kò ju kí n tún un ṣe lọ. Ẹ rí i pé n kò gbọ́n.

Ǹjẹ́ ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e wọ àdúgbò? Ìyàwó ọ̀gá yín ní GRA ń padà sí ìlú wọn, ó sì ta ọkọ̀ kékeré tó ń wà lọ sọ́jà fún yín. Màámi yí i po, wọ́n ń fọwọ́ kan iná rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.

“Kí ni ó ń jẹ?”

“Súpà ni.”

“Òṣùpá? Ọkọ̀ tó ń jẹ òṣùpá?”

Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú kí ẹ má baà ṣubú. N kò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín rí. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ wa ọkọ̀ ẹlòmíràn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju “yẹ̀sà” lọ, a máa délé láìní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ jẹ́. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í dà yín láàmú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, epo súpà, tó wọ́n ju régúlà lọ, di epo òṣùpá nínú ilé wa.

Àárọ̀ Sátidé ni ẹ máa ń lọ ra á. Ẹ kì í mú ẹnikẹ́ni dání, bí a tilẹ̀ bẹ̀ yín. Tí ẹ bá dé, ẹ ó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, níbi tí táǹkì wà, ẹ ó sì pè wọlé.

“Ìyá wọn, òṣùpá ti wọlé o.”

“Ṣé àrànmọ́jú ni?”

“Àrànmọ́jú ni.”

Ìgbà náà ni Màámi tó máa so gèlè, tí ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn bí ẹni ṣí i fún ìyàwó gómìnà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń pàdé ní Sátidé kò jìnnà, ẹsẹ̀ lásán lè gbé wọn débẹ̀. Ẹ ó fi ọkọ̀ gbé wọn síbẹ̀ náà.

Gbogbo òpópónà ló ń pè yín ní Bàbá Súpà. Friday, télọ̀ tó wà ní iwájú ilé wa, kì í jẹ́ kí ẹ kọjá lófo.

“Baba Supa, ijapa wey dey chop super, e go fly?”

“E no go fly. E go just reach before you.”

Mo máa ń tijú nígbà náà. Mo ti wà ní pólì, mo ti kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tí súpà ń ṣe fún ìjàpá. Ẹ́ńjìnnì tó ń fún epo mọ́lẹ̀ gidigidi ló nílò súpà, kí epo má baà gbiná ṣáájú àsìkò. Ìjàpá kò fún un tó bẹ́ẹ̀. Régúlà ni àwọn tó ṣe é ṣe é fún. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún yín nígbà kan, mo ya àwòrán písítìnì sórí tábìlì ìjẹun. Ẹ gbọ́ mi títí dé òpin, ẹ ní mo ṣeun, ẹ sì gbé awo yín kúrò lórí písítìnì náà. Kí ló wà lọ́kàn yín lọ́jọ́ náà?

Nítorí náà, nígbà tí mo tún ọkọ̀ ṣe tán, régúlà ni mo rà sí i, mo sì sọ fún Màámi kí wọ́n múra. Wọ́n wọ aṣọ tó dára. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n wọlé. Mo ti yí kọ́kọ́rọ́.

“Ṣé òṣùpá lo rà?”

“Régúlà ni, Màámi. Òun ló bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mu.” Mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ nípa písítìnì, mo sọ̀rọ̀ nípa bí epo ṣe ń gbiná. Ohùn mi dùn létí ara mi.

Màámi ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n tún fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ náà jáde, wọ́n sì lọ jókòó sí ìdí ààrò. Wọn kò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà, bí ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ lọ síbì kankan tẹ́lẹ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, mo bẹ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ kejì. Èsì kan náà ni.

“Ọkọ̀ bàbá yín kọ́ nìyẹn.”

Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ilé-ìkẹ́rùsí tí mo ń bójú tó fọ́kílíìfù rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù, kò ní nǹkan ìpààrọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àwọn sójà ti ti ojú ọ̀nà ọjà òkèèrè; okùn àti wáyà ni mo fi ń dè é. Mo ń ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, n ó sì dé bá ìyá mi tí wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè lọ sílé ìwẹ̀. Nítorí irú epo. Ó sú mi láti máa tọ̀nà. Lánàá, mo sọ fún ara mi pé kí n ra súpà náà kí ó tán.

Ilé-epo tó wà ní Warehouse Road nìkan ló ní súpà, níbi tí àwọn ọkọ̀ GRA ti máa ń rà. Mo tò sí ìdí pọ́ọ̀mpù súpà láàárín àwọn ọkọ̀ ńláńlá. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ta epo níbẹ̀, Làmídì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó wo ìjàpá náà, ó wò mí, ó tún wo ìjàpá.

“Ọkọ̀ Bàbá Régúlà kọ́ nìyí? Ta ni ìwọ tó ń wà á?”

“Ọkọ̀ bàbá mi ni, sà. Bàbá Súpà ni wọ́n ń pè wọ́n.”

“Súpà ibo? Èmi ni mò ń ta epo fún un. Ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀, súpà. Ìjàpá tirẹ̀, régúlà. Kò ra súpà sí ìjàpá yìí rí. Bàbá rẹ dà? Ọjọ́ ti pẹ́.”

Mo sọ fún un. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í sí àyà, ó sì gbàdúrà kúkúrú kan ní Lárúbáwá. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ọkùnrin yẹn. Yóò gbé e dé iwájú pọ́ọ̀mpù súpà níbí, bí o ti gbé e dé yìí. Yóò bá mi ṣàwàdà, yóò tún yí i lọ sí ìdí régúlà lọ́hùn-ún. Mo ní, Bàbá Régúlà, kí ló dé tó o máa ń fi àyè mi ṣòfò? Ó ní, ‘Làmídì, tí n bá délé, ìyàwó mi á bi mí. N kò fẹ́ kó jẹ́ irọ́ tán pátápátá. Mo ti dé ìdí súpà ná.’”

Awakọ̀ ọkọ̀ GRA kan tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè.

“Ọ̀gá, ṣé epo lẹ wá rà ni, àbí ẹ wá fẹ́ ọmọ wọn?”

“Súpà àbí régúlà?” Làmídì ti gbé ẹnu pọ́ọ̀mpù sókè.

Ìbéèrè kékeré ni, Bàbá. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó ní ìdí tábìlì yẹn, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ohun tí ẹ ń ṣe ní gbogbo Sátidé, ẹ sì ní mo ṣeun. Mo wo pọ́ọ̀mpù súpà dáadáa. Mo dúró nídìí rẹ̀ díẹ̀ sí i, kí awakọ̀ náà máa fọn fèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yí ọkọ̀ lọ sí ìdí régúlà, mo sì rà á kún.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ọkọ̀ dé iwájú ilé. Mo kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, Friday sì dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró láti wò mí.

“Màámi, òṣùpá ti wọlé o.”

Mo gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá.

“Ṣé àrànmọ́jú ni?”

“Àrànmọ́jú ni.”

Wọ́n jáde pẹ̀lú gèlè tí wọ́n ti so tán. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n wọlé láìwo ojú mi, a sì gba ojú ọ̀nà Àpápá lọ láàárín àwọn tírélà. A ti ń sún mọ́ ilé ìwòsàn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Régúlà ni, àbí?”

Mo sọjú kalẹ̀ sí bàtà mi.

“Ìwọ náà ò mọ irọ́ ọ́ pa. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ lò ń wò. Bàtà náà ni bàbá yín máa ń wò.”

“Ẹ mọ̀, Màámi?”

“Súpà ni mo gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Etí mi ò di nígbà yẹn, kò tíì di báyìí. Bàbá yín ti ń kó ẹrù mádàámù lọ sí èbúté láti ìdájí ọjọ́ náà. Ó dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀. Mo bá ní òṣùpá. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n wá dákẹ́ ni?”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́sí?”

“Mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀, ìwé lo ń kọ́ mi.”

Wọ́n na orúnkún wọn lónìí, wọ́n ká a. Wọ́n ké díẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbà pé kò tíì pẹ́ jù. Nígbà tí a délé, Màámi fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀.

“Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àrànmọ́jú náà ni kó o rà.”

Wọ́n ti sùn báyìí. Èmi nìkan ló jókòó ti tábìlì tí mo ya písítìnì sí. Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n mọ̀? Tàbí ẹ lọ láìmọ̀, tí ẹ̀yin méjèèjì ń fi òṣùpá kan náà tan ara yín jẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? N kò bi Màámi. Mo ti bi wọ́n ní ìbéèrè tó tó fún ọjọ́ kan.

Ó ṣì rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ń bọ̀, ojú ọ̀nà Warehouse Road kò sì jìnnà.

Kí ẹ máa sinmi lọ, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín, tí ó ti dé ìdí súpà ná.