Ta Ni Yóò Gba Ẹgbẹ́ Lọ́wọ́ Verlyn?

Àìkú, 4 Oṣù Ọ̀wàrà 2015

Verlyn Aas kéde lẹ́yìn ìsìn. Orúnkún rẹ̀ ti kọṣẹ́, ó fẹ́ fi ẹgbẹ́ síkáòtù ìjọ wa sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn àti bí wọ́n ṣe ń dáná nínú òjò. Baba Okùn ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Kò mọ̀, kó má sì mọ̀.

Ó ní Corbin ọmọ mi lòun fẹ́ kó gbà á. Gbogbo ìjọ mi orí. Fún àwa ọmọ ìjọ Lútérì tí a kì í pariwo, ìyẹn ju àtẹ́wọ́ lọ.

Corbin ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wò mí. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí ẹ̀.

Ajé, 5 Oṣù Ọ̀wàrà

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè kúrò lọ́rùn mi. Nígbà òtútù tó kọjá, nínú ọkọ̀, Corbin sọ fún mi pé ọkùnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí. Ọkùnrin tó ti lé lógún ọdún dáadáa, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n bíi tọmọ kékeré. Mo ní, ó dáa, ọmọ mi, dín eré kù, títì ń yọ̀. Ohun tẹ́nu mi rí sọ nìyẹn! Ìgbà tí mo délé ni mo tó sunkún, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Kì í ṣe pé mo bínú sí i. Ẹ̀rù ohun tí ayé máa fojú ẹ̀ rí ló bà mí.

Mi ò sọ fún Leland. Leland ọkọ mi — Olùdákẹ́ — ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló ń sọ lóòjọ́, ojú ọjọ́ ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Dókítà ti ní ká máa ṣọ́ ọkàn ẹ̀. Mi ò ní fi irú ìròyìn yìí já a láyà.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Ọ̀wàrà

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ti dé. Tẹ́lẹ̀, olú-iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ ò gbà kí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin jẹ́ olórí àwọn ọmọ níbikíbi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n yí i padà: kí ìjọ kọ̀ọ̀kan pinnu fúnra rẹ̀. Wendell Krog, tí ọmọkùnrin ẹ̀ méjì wà nínú ẹgbẹ́, ti ní kí ìgbìmọ̀ ìjọ dìbò sí i. Èèyàn méje ni wá nínú ìgbìmọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, Wendell náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀ ni ìdìbò.

Corbin wá sí ilé ìdáná. Ó ní, "Mọ́mì, tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wa, mi ò ní fara pa mọ́ o. Màá sọ ohun tí mo jẹ́ fún wọn, màá sì lọ."

Mo ní, lọ síbo?

Ó ní iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi lọ òun ní Duluth, ìlú èbúté ńlá yẹn, ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, ṣé o ò lè kàn panu mọ́? Ó ní, "Kí n gbọ́wọ́ sókè kí n búra níwájú àwọn ọmọ pé olóòótọ́ ni mí, kí n sì máa purọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an? Mọ́mì, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀ o."

Lóòótọ́, mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo wá ń bínú sí ara mi pé mo tọ́ ọmọ náà dáadáa jù.

Ẹtì, 9 Oṣù Ọ̀wàrà

Yìnyín àkọ́kọ́. Leland ní, "Ó ti dé."

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo pàdé Wendell ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́. Mo fẹ́ sá gba ẹ̀yìn àgbá ọ̀dà, ó ti rí mi.

Ó ní, "Ìyá Corbin, mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tiwa ni, kì í ṣe ti ìjọba. Tá ò bá lè yan ẹni tó máa dúró níwájú àwọn ọmọ wa, kí la wá ń pe ara wa ní ìjọ fún?" Ojú mi ló ń wò tààrà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ǹ bá rí i bú ká ní òmùgọ̀ ni.

Mo délé, mo ń bá a jà lọ́kàn, mo ń ṣan abọ́, mo ń fọ́ abọ́. Nítorí mo rántí Harlan Ostby. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń fi àjákù aṣọ rán aṣọ ìbora. Ìránṣọ ẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. A ní rárá. Ṣebí ọkùnrin ni, kò ní jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wá. Kò sẹ́ni tó pè wá ní èèyàn burúkú. Ẹgbẹ́ tí kò lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́, ọjà ni. Wendell jàre níbẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n a ò lé Harlan jáde, kò wọlé rí ni. Corbin ti wà nínú ilé láti kékeré. Òun ló pọn àbúrò nínú àwọn ọmọ Wendell jáde nínú igbó nígbà tó fi ẹsẹ̀ rọ́. Kí ni ilẹ̀kùn fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti jókòó sídìí iná? Mo rí ìdáhùn yìí nígbà tí Wendell ti lọ tipẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn.

Ajé, 19 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ka ìbò. LaVonne ni mo kọ́kọ́ lọ bá — Ìyá Kọfí, òun ló ń pàṣẹ nílé ìdáná ìjọ, òun náà sì wà nínú ìgbìmọ̀. Mi ò dárúkọ Corbin o. Mo kàn béèrè bó ṣe rí ọ̀rọ̀ náà.

Ó ní, "Èmi kẹ̀? Ó kàn mí bí? Ẹni tó bá wu èèyàn ni kó fẹ́. Orrin ni kò ní gbà. O mọ̀ bí alága ṣe rí."

Ó ń nu tábìlì tó ti mọ́. Inú mi dùn díẹ̀. Ìbò kan rèé. Ó ku kí n rí Orrin.

Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Ọ̀wàrà

Orrin Stadum, alága wa, ń gbé ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ wọ ilé ìkóǹkansí. Mo bá a di apá kan mú.

Ó ní, "Èmi kẹ̀, Ardis? Èmi ò ní wàhálà kankan o. Ti Verlyn ni mò ń rò. Ẹni tó ti lo ayé ẹ̀ fún ẹgbẹ́ yìí — ṣé ká wá ba ọkàn ẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ tó ń lọ? Ìbò 'rárá' ló máa jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́."

Wọ́ọ́rọ́wọ́! Orrin á tiná bọ ilé tí iná náà bá ti lè jó wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àìkú, 25 Oṣù Ọ̀wàrà

Corbin ti ń kó ìwé àti bàtà sínú àpótí. Mo ní kí ni? Ó ní òun kàn ń tún yàrá ṣe. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Ọ̀wàrà

Jẹ́ kí n mí ná.

Mo gbé àwo pòtétò àti ẹran tí mo sun lọ sílé Verlyn. Kò sẹ́ni tó ń lọ bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfo níbí. Ó ní ṣé n ó mu kọfí, mo ní rárá. Ó tún ní ṣé n ó mu kọfí, mo ní kó má ṣe ìyọnu. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní ó dáa, díẹ̀. A wá jókòó. A sọ̀rọ̀ yìnyín. A sọ̀rọ̀ orúnkún.

Mo ní, Bọ̀ọ̀dá Verlyn, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní nítorí yín ni wọ́n ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ọkàn yín ò ní gbà á.

Ó gbé ife sílẹ̀. "Nítorí mi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní Orrin.

Ó ní, "Orrin ò lè wo ojú ẹ sọ ọ́ ni. Ardis, nítorí tìẹ ni."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa ni.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ni ọmọ yẹn dàgbà sí. Ṣé o rò pé ojú mi fọ́ ni? Mo mọ̀. Orrin mọ̀. LaVonne mọ̀. Ìwọ nìkan la rò pé o ò mọ̀. Tá a bá ṣí ilẹ̀kùn, Wendell á dìde níbẹ̀, á ní ta lẹ ń ṣí i fún? Wọ́n á wá dárúkọ ọmọ ẹ lójú ẹ, láàárín ìpàdé. Orrin ní ká kúkú ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ká bẹ Corbin kó máa ran ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́, kí ìwọ má bàa gbọ́ ọ láyé."

Mo ní, mo ti mọ̀ láti ìgbà òtútù!

Ó ní, "O ti mọ̀?"

Mo ní, ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ò mọ̀!

Verlyn wò mí, mo wo Verlyn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, orúnkún ẹ̀ ń dùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún. Ẹ wo irú ìlú tí mò ń gbé! Kí wọ́n má bàa dójú tì mí, wọ́n fẹ́ fi ìwà ọmọlúàbí lé ọmọ mi kúrò nílùú. Mo bínú débi pé mo jẹ àkàrà òyìnbó mẹ́ta.

Àìkú, 1 Oṣù Bélú

Mo sọ fún Corbin. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àpótí ẹ̀. "LaVonne náà?" LaVonne náà. Mo ní ṣé kí n sọ ọ́ ní ìpàdé, kó má bàa di pé wọ́n ń fi mí ṣe àwáwí mọ́? Ó ní, "Ẹ sọ ọ́, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹ bá Dádì sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ."

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Bélú

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba gbà kí wọ́n máa pa àgbọ̀nrín lọ́dún yìí. Leland wọlé láìpa nǹkan kan. Mo po tíì, mo ní kó jókòó, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú nítorí ọkàn ẹ̀ yẹn. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní kí lo mọ̀?

"Ó sọ fún mi nígbà tó ń parí ilé ìwé gíga. Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Ẹ̀rù ń bà á pé ìròyìn náà á ṣe ẹ́ níṣe."

Ọ̀rọ̀ gígùn nìyẹn lẹ́nu Olùdákẹ́. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ gbá a. Lẹ́yìn náà mo gbé orí lé èjìká ẹ̀, a sì wà bẹ́ẹ̀ títí tíì fi tutù.

Àìkú, 8 Oṣù Bélú

A dìbò. Kí Orrin tó gbàdúrà tán ni mo ti dìde. Mo ní, ọmọ mi Corbin, ọkùnrin ló ń fẹ́. Mo mọ̀, bàbá ẹ̀ mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ má fi mí ṣe àwáwí o. Ẹni tó bá máa lé e, kó nawọ́ ẹ̀ kí n rí i.

Orrin pọ́n bíi tòmátò. LaVonne ń sọkún sínú ife kọfí.

Wendell nawọ́. Ó ní, "Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Ìyá Corbin. Mo ṣì rò pé kò tọ́." Gladys Fjeld, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, nawọ́, ó ń wolẹ̀. Àwa márùn-ún tó kù ò nawọ́. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Mo rò pé màá hó ìhó ayọ̀. Ṣe ni mo rìn lọ sílé. Mo sùn lọ́sàn-án bí ọmọ ọwọ́, mo sì jí, mo gbọ́ tí Corbin ń sọ fún àwọn ará Duluth lórí fóònù pé ẹ ṣé, òun ò wá mọ́.

Ajé, 9 Oṣù Bélú

Ìpàdé ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé bisikíìtì lọ — àwáwí ni, mo fẹ́ wòran. Verlyn bọ Corbin lọ́wọ́, ọwọ́ òsì sí ọwọ́ òsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ẹgbẹ́ wọn, ó sì lọ jókòó. Corbin ta okùn láti òpó kan sí èkejì nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi okùn ṣe afárá.

Ọkọ̀ Wendell dé. Àwọn ọmọ ẹ̀ sáré wọlé, òun náà tẹ̀ lé wọn. Ó dúró sẹ́bàá ògiri, ó ká apá mọ́ àyà. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ẹ̀ kékeré gun okùn. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì. Corbin bojú wo ẹ̀yìn, ó ní, "Sà, ẹ bá mi di ìdí okùn apá òsì yẹn mú."

Wendell ní, "Mi ò tíì yí ohùn mi padà o."

Corbin ní, "Mo mọ̀, sà. Ẹ dì í mú dáadáa, ọmọ yín ló wà lórí ẹ̀."

Ó dì í mú.