Aládùúgbò Tó Gbọ́ràn

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le. Níbi iṣẹ́ wọ́n ní kí n lọ sinmi, wọn ò sì tíì sọ ìgbà tí ìsinmi náà máa parí. Mo wá ra rédíò tó ń gbọ́ àwọn tó ń fi ìgbì afẹ́fẹ́ tó lọ sílẹ̀ gan-an kíra wọn láti ọ̀nà jíjìn, fún ìgbádùn lásán. Ó fẹ́ wáyà gígùn. Ògiri yàrá mi ti là, ibẹ̀ ni mo gbà yọ wáyà náà síta.

Ohun èlò oníná tó bá wà nítòsí ló máa ń kùn sí rédíò yìí. Mo máa ń kígbe sí télọ̀ tó ń gbé lókè mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ̀rọ yín!"

Á ní, "Ṣé ìwọ lo máa bá mi ránṣọ oníbàárà, ọ̀gá onírédíò?"

Nígbà tí ògiri náà túbọ̀ là dé òkè, gbogbo ará ilé kó lọ, èmi nìkan ló kù. Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ẹ̀, ó tú gílóòbù pàápàá. Rédíò mi wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Lọ́sàn-án àná, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀. Mo kígbe bí ìṣe mi, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

Wọ́n pa á.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Tí wọ́n bá béèrè, ẹ sọ fún wọn pé mi ò dá gbé.

Ọmọ yín.