Yàrá tí Bọ́sẹ̀ fẹ́ kọ́ kún ilé arúgbó

Ọjọ́bọ̀, Ìjerò

Bọ́sẹ̀ iwájú ilé wa fẹ́ kọ́ yàrá kún ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá lónìí. Wọ́n ní káwọn tó fọwọ́ sí pulánì rẹ̀, àwọn máa bi àwa aládùúgbò léèrè bóyá a fara mọ́ ọn.

Èmi àti ẹ̀ la jọ jáde ìwé mẹ́wàá. Ó ń kọ́lé kún ilé, èmi ń fọṣọ màmá mi. Ìlara ni, mo mọ̀. Mo ti fẹ́ sọ fáwọn òṣìṣẹ́ náà pé ariwo máa pọ̀.

Màmá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ jẹ́ ó kọ́ ulé ọ̀ún. Mo fẹ́ yàrá kan níbẹ̀."

Mo gúnyán fún Màmá nírọ̀lẹ́. Wọ́n jẹ òkèlè kan, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ Bọ́sẹ̀?"