Ìgbéyàwó Inú Ọkọ̀ Fàdákà

Agboolé Awóníyì,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Òṣogbo.
Ọjọ́rú, 13 oṣù Ẹrẹ́nà, 1974.

Adéjọbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Báwo ni gbogbo ilé yín n'Íléṣà? Ṣé ibà tó dá bàbá yín dúbúlẹ̀ lọ́jọ́sí ti fi wọ́n sílẹ̀? Ẹsẹ̀ tí ń dun màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀gbọ́n wa Phebe àti ọkọ wọn ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọn kò tíì dárí jì mí nítorí ewúrẹ́ méjì tí mo fi ohùn àlùfáà so pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìyá mi ń kí gbogbo yín, bàbá mi náà ń kí yín, àwa níbí sì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò dáa. Láti ọjọ́ Àìkú ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun mi, bí mo bá sì sùn, ojú Akinsánmà ni mo ń rí. Jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín. Jókòó kí o ka èyí tán.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fi ìwé sílẹ̀, èmi ni ògbufọ̀ ní sinimá Alhájì Mọ́ṣúdù l'Ókè Fìà. Bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, n óò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, n óò gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, n óò máa fi Yorùbá sọ ohun tí àwọn òyìnbó inú rẹ̀ ń sọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. O sì mọ ohun tí ará Òṣogbo kò mọ̀: òyìnbó tí àwọn èèyàn yẹn ń sọ kì í yé mi tán. Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ojú wọn ni mo máa ń wò, n óò wo ọwọ́ wọn, n óò sì mọ ohun tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ. Kò sì sí ẹni tó tíì ráhùn.

Fíìmù Ọkọ̀ Fàdákà yìí ló sọ mí di èèyàn nílùú. Ìwọ náà wo apá kìíní nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa. O rántí ọkọ̀ náà tí ń fò kọjá òṣùpá, tí àwọn inú rẹ̀ ń wá ayé mìíràn tí èèyàn lè gbé, tí Ọba Olójúkan sì ń lé wọn kiri. Orúkọ wọn kò ṣeé pè, ni mo bá sọ ọ̀gá ọkọ̀ ní Akinsánmà, mo sọ obìnrin tí ń wa ọkọ̀ ní Àyọ̀ká. Ohùn ọ̀gá rélùwéè ni mo fún Akinsánmà. Ohùn ẹ̀gbọ́n wa Phebe ni mo fún Àyọ̀ká, má sọ fún wọn. Ọba Olójúkan, ohùn bàbá mi ni, nígbà tí owó oṣù bá pẹ́.

Apá kejì ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n gbé ojú Akinsánmà súnmọ́ wa, mo rí ilà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n gbé ojú Àyọ̀ká súnmọ́ wa, ilà méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà. Adéjọbí, ká ní ìwọ ni, kí ni ìwọ ìbá sọ? Bí a bá pàdé ẹni méjì lọ́nà tí ilà wọn dọ́gba báyẹn, ta ni yóò tún máa béèrè bóyá inú ilé kan ni wọ́n ti jáde? Àyọ̀ká wá ń sunkún, Akinsánmà gbá a mọ́ra, kò sì fẹnu kò ó lẹ́nu bí àwọn òyìnbó ti máa ń ṣe. Ni mo bá fi ohùn ọ̀gá rélùwéè sọ pé, "Àbúrò mi, sunkún mọ níwọ̀n. Ìyá tó bí wa ń retí wa." Àwọn obìnrin ń fi gèlè nu ojú. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì ti di ọmọ ìyá kan náà l'Óṣogbo. Nígbà tí apá kẹta dé, mo pa ìyá wọn, nítorí mo rí i tí Akinsánmà dojú bolẹ̀ tó ń ké. Nọ́síràtù tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà sinimá gbé àkàrà jáde lọ́jọ́ kejì, ó fi ṣe sàráà fún ìyá náà.

Apá kẹrin kọjá láìsí wàhálà. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n lẹ àwòrán apá karùn-ún mọ́ ògiri sinimá. Akinsánmà wọ kóòtù dúdú. Àyọ̀ká wọ aṣọ funfun gbọọrọ, ó fi ìbòjú bo orí, òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú níwájú àlùfáà, àwọn ará ọkọ̀ sì tò sẹ́yìn wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Òkè Fìà kò sinmi láti ìgbà náà. Ìdí ògiri yẹn ni gbogbo ẹni tó ti wo apá kan rí máa ń kórajọ sí, tí wọ́n ń sọ ohun tí apá karùn-ún yóò jẹ́. Ọmọ mẹkáníìkì kan ní, "Kì í ṣe Akinsánmà nìyí. Ọba Olójúkan ló bọ́ awọ rẹ̀ wọ̀. Ẹ wo ojú òsì yẹn, kò ṣẹ́." Ẹnìkan dá a lóhùn pé, "Àwòrán ni, ọlọ́gbọ́n. Tìrẹ máa ń ṣẹ́ nínú fọ́tò?" Àwọn kan ní àlá ni Akinsánmà ń lá. Nọ́síràtù ní apá kẹfà ni òun ń bẹ̀rù ní tòun, pé ọmọ tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá bí lókè ibẹ̀ yẹn, orí mélòó ni yóò gbé wá sáyé?

Bàbá Dúrósinmí tí wọ́n ti fẹ̀yìntì nínú rélùwéè, tí wọn kì í pa apá kankan jẹ, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí ò mọ fíìmù wò. Ìyá wọn ni yóò jáde. Yóò ní òun kọ́ ló bí Àyọ̀ká, pé etí odò lòun ti rí i he, òun sì kọ ilà ilé fún un kí wọ́n má baà ta á nù."

Nọ́síràtù ní, "Ìyá wo, Bàbá? Èyí tí mo ṣe sàráà fún?"

"Ta ló rí òkú rẹ̀? Ṣebí ẹnu Oyèṣọlá la ti gbọ́ pé ó kú."

Gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Mo wú ikọ́ bí Alhájì ṣe máa ń wú u, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì fi ẹ̀rín yẹn sá lọ.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti dé mọ́sálásí, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá ní ọmọ àwọn kò ní jókòó wo ẹ̀gbọ́n tó ń gbé àbúrò rẹ̀ níyàwó. Ẹnìkan ti fi ẹrẹ̀ kun ojú Àyọ̀ká lára ògiri. Alhájì ránṣẹ́ pè mí, kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Oyèṣọlá, ìwọ lo bí àwọn ọmọ yìí fún wa. Ìwọ náà ni yóò bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn kí ìlú tó lè gbà. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ nínú sinimá mi lọ́jọ́ Sátidé, Tíṣà Láńrewájú ni yóò máa gbé gbohùngbohùn."

O ò mọ Láńrewájú. Òyìnbó yé e dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì: "Ó wí pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin náà fèsì pé òun gbọ́." Àní, bí Ọba Olójúkan bá ń jó ilé kalẹ̀, oorun ni yóò máa kun èèyàn.

Bàbá mi ti gbọ́. Wọ́n ní bí Alhájì bá fi lé mi lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Ajé ni n óò wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ àbúrò wọn tó jẹ́ bíríkìlà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́ kí ni? Lọ máa sín búlọ́ọ̀kù jẹ, kí n wò ó bóyá yóò rẹ́rìn-ín." Adéjọbí, n kò ní nǹkan mìíràn. Ìwé kò wọ orí mi, o mọ̀. Ọwọ́ mi kò mọ iṣẹ́ kankan í ṣe. Bí mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun yẹn nìkan ni mo máa ń mọ̀ pé Ọlọ́run kò gbàgbé mi nígbà tó ń pín nǹkan.

Ìyẹn kọ́ ni èyí tó burú jù. Lánàá ni Làbákẹ́, tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní ọ̀kánkán sinimá, fà mí lápá dé ìdí àwòrán náà.

Ó ní, "Wo ẹ̀yìn wọn."

Mo ní, "Kí ni kí n wò?"

"Alásè wọn arúgbó yẹn, ilà méjì. Dókítà wọn adúláwọ̀, ilà méjì. Ó dáa. Ọmọ ọ̀dọ̀ onírin tó gbé àwo dání yẹn ńkọ́? Ta ló kọ ilà fún irin? Àbí ìyá wọn tó kú yẹn ló bí òun náà?"

Mo súnmọ́ ọn. Ilà méjì, lẹ́rẹ̀kẹ́ irin. Àmì iṣẹ́ ni, Adéjọbí, bí báàjì tí àwọn rélùwéè máa ń fi sí fìlà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń fà á fún. Wọn kò bá ara wọn tan rárá. Làbákẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ṣé wàá sọ fún wọn?" Mo ní kí ni kí n sọ, kí n lọ bá Nọ́síràtù pé kó gba sàráà rẹ̀ padà?

Mo kọ́kọ́ rò pé n óò fara mọ́ tí Bàbá Dúrósinmí. Ìyá arúgbó kan ni mo nílò nínú fíìmù yẹn, ì báà ṣe ẹni tó kàn ń kọjá lọ, n óò fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Alhájì ti ní Láńrewájú yóò jókòó tì mí lọ́jọ́ Sátidé, pé bí mo bá ti sọ ohun tí kò sí níbẹ̀, kó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá parọ́, Láńrewájú. Bí mo bá sọ òtítọ́, èmi tí mo ti ń tàn wọ́n láti apá kejì ni wọn yóò kọjú sí.

Bí mo ti ń kọ èyí lọ́wọ́ ni wọ́n wá sọ fún mi pé tíkẹ́ẹ̀tì ti ń tán. Àwọn tó búra pé àwọn kò ní wá, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rà á. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá dá ìgbéyàwó náà dúró. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ń sọ pé òkúta ni àwọn yóò sọ lu aṣọ funfun Alhájì títí yóò fi ya.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé sí ọ. Rélùwéè kọ́ ló ń gbé fíìmù yìí bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà Ifẹ̀ ló gbà, ọ̀dọ̀ yín n'Íléṣà ni wọn yóò ti kọ́kọ́ fi hàn lọ́jọ́ Jímọ̀. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ni yóò gbé e wá fún wa ní Sátidé. Jọ̀ọ́, lọ wò ó. Lẹ́yìn náà, bá awakọ̀ yẹn gun mọ́tò wá. Má fi lẹ́tà dá mi lóhùn, ìwọ gan-an ni kí o wá. Jókòó láàárín èrò, kí o má kí mi, kí o má ṣe bí ẹni tó mọ̀ mí.

Bí àlùfáà inú fíìmù bá la ẹnu, ohùn àlùfáà tó so ẹ̀gbọ́n wa Phebe ni n óò fún un, èyí tí mo fi so ewúrẹ́. N óò béèrè ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì yìí pọ̀, kó sọ ọ́ nísinsìnyí. Láńrewájú kò ní lè bá mi jà, gbogbo àlùfáà ló ń béèrè rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti dìde, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òkúta. Fi ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ tó dún gbàmù yẹn sọ pé àwa náà n'Íléṣà rò pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n nítorí ilà yẹn, àfìgbà tí a rí i lẹ́rẹ̀kẹ́ irin. Sọ fún wọn pé ilà ọkọ̀ ni, kì í ṣe ilà ilé. Ìwọ ni yóò ti sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Wọn yóò gbà ọ́ gbọ́, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni fíìmù ti ń gbé ìyàwó náà bọ̀.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá, sọ fún ẹ̀gbọ́n wa Phebe pé mo dọ̀bálẹ̀. Làbákẹ́ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má jẹ́ kí wọ́n rán mi lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun.

Adéjọbí, n óò máa wá ojú rẹ láàárín èrò kí n tó béèrè. Gbogbo ohùn tó wà nílùú yìí ni mo lè sọ. Ṣùgbọ́n bí n kò bá rí ọ, tí mo béèrè tán, tí gbogbo sinimá dákẹ́ tí wọ́n ń wò mí, n kò mọ ohùn tí n óò fi dáhùn.

Èmi ni, ọmọ ìyá rẹ tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ,

Oyèṣọlá.