Àpótí Gbohùngbohùn Ajarat Méjèèjì

Agboyi,
Oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2006.

Ajarat, Àyọ̀ká ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ títí, mo tún kí Lará tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan ní Áńtónì. Ṣé ara yín le, ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn, ṣé ẹ̀ ń jẹun kí ẹ tó jáde láàárọ̀? Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ nílùú ńlá yẹn, kí ó sì máa ṣọ́ ìka ọwọ́ rẹ fún mi, nítorí mo mọ̀ pé ìka yẹn lo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, kí okùn gìtá má gé e. Àmín. Àwa náà wà níbí, a ò ṣàìsàn, ọyẹ́ ló kàn mú wa. Ó mú ètè mi, ó sì mú odò pàápàá, láàárọ̀ ńṣe ni kùrukùru máa ń bo gbogbo rẹ̀ tí èèyàn ò ní mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á kàn ṣàdédé yọ láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ń jáde látinú àlá. Èéfín ẹja tí mo ń yan kò gòkè mọ́, orí omi ló ń rìn lọ, èmi náà á jókòó, màá máa fi ojú sìn ín, títí apá kan ẹja á fi jóná.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ sínú fóònù tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ìyẹn, jẹ́ kí n sọ fún ọ pé obìnrin tó ń gbé inú fóònù rẹ yẹn kò fẹ́ràn mi. Bí mo bá ti pè ọ́, òun ló máa gbé e, á ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo bi í pé níbo lo lọ, kò dá mi lóhùn, ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ náà ló tún sọ. Mo ní kó ṣáà bá mi kí ọ. Bí kò bá jíṣẹ́, ìwọ náà rí i pé kì í ṣe ẹjọ́ mi.

Fóònù yìí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé okùn ni mo fi so awò ojú mi. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni "Mama e joo e ba mi wo analog ati digital, ewo lo n pariwo." Mo kà á, mo tún un kà, mo lọ sínú oòrùn lọ kà á. Ohun tó yé mi ni pé kí n bá ọ wo àna olóògùn àti dígí títà. Mo ní Alhamudulilahi! Ọkùnrin tó ń ta oògùn ni ọmọ mi fẹ́ mú wálé, ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì ti ń ta dígí ní Áńtónì. Ohun tó kàn kọ mí lóminú ni ti ariwo yẹn, mo ní ọkọ tí a ò tíì rí sójú, ó ti ń pariwo.

Mo lọ sọ fún bàbá rẹ. Ìwọ náà mọ bó ṣe wà láti ọjọ́ Iléyá tí ẹ jọ fa ọ̀rọ̀ nídìí gìtá, tó ní ọmọ òun obìnrin kò ní máa ta gìtá ní òtẹ́ẹ̀lì lójú àwọn ọkùnrin, tí o fi gbé gìtá kọ́ èjìká tí o wọ ọkọ̀ lọ láìjẹ ẹran, tí o gbàgbé àpótí kékeré méjèèjì tí o máa ń so mọ́ gìtá sórí àga. Láti ọjọ́ náà kò pe orúkọ rẹ. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá wáyé, "ọmọ yẹn" ló máa ń sọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé àna ń bọ̀, ó kàn kọjú sí odò. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òòlù ni mo gbọ́, mo yọjú, mo rí i tó ń kan pákó tó ti jẹrà létí omi tí a ti ń sọ̀ nínú ọkọ̀, èyí tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó gbálẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé. Ó yọ fìlà rẹ̀ tó dára jáde, ó fi kọ́ sórí ìṣó kó gba atẹ́gùn. Nígbà tó yá ló bi mí, kò wo ojú mi o, ó ní ṣé àwọn olóògùn máa ń jẹ akàn.

Ṣọládé ló tú wa sílẹ̀, ọmọ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lópin àdúgbò wa. Ó wá ra ẹja, mo ní kó bá mi ka ọ̀rọ̀ fóònù náà kó lè sọ fún mi irú oògùn tí àna mi ń tà. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí agbọ̀n ẹja mi. Ó ní àna kankan kò sí níbẹ̀, àwọn àpótí méjèèjì tí o fi sílẹ̀ ni. Ó ní èyí tó sanra, tó ní àwọ̀ bíi ti ọsàn, òun ló ń jẹ́ ánálọ́ọ̀gù, pé èyí tó funfun tí nọ́ńbà pupa ń tàn lójú rẹ̀ ni díjítà. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, bí o bá ta gìtá, wọ́n á gbà á mọ́ra díẹ̀, wọ́n á wá máa dá a padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní díléè. Mo ní ṣé gbohùngbohùn ni ẹ wá fi sínú àpótí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá ku bí mo ṣe máa sọ fún bàbá rẹ pé kò sí àna. Mo sọ fún un ṣá. Ó ní ó dáa. Ó lọ já fìlà lórí ìṣó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfi bó ṣe yíjú padà tó ní èwo wá ló ń pariwo nínú àwọn méjèèjì, ó bèèrè rẹ̀ bí ẹni ń bèèrè ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Bó ṣe di pé òun náà tẹ̀ lé wa dé ìdí àgbọn tí Ṣọládé ti fẹ́ dán wọn wò nìyẹn.

Ṣọládé gbé gìtá tirẹ̀ àti áńpù tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde wá, ó tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀kánkán, ó ki wáyà ádáptọ̀ iná kan ṣoṣo bọ àpótí méjèèjì. Ajarat, ariwo! Ó ń kùn hùùù bí ìgbà tí oyin bá bínú, gìtá pàápàá kò jáde mọ́. Mo ní áà, àwọn méjèèjì ló ń ṣàìsàn, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀gá ẹgbẹ́ orin yín bú ọ lójú èrò, èyí tí o sọ fún mi kí Iléyá tó dé. Ṣọládé ní kí n fara balẹ̀. Ó yọ wáyà iná kúrò lára àwọn méjèèjì, ó fi bátìrì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún ta gìtá, kẹ́kẹ́ pa mọ́ hùùù yẹn lẹ́nu. Ohun tó fà á ni pé o fi àwọn méjèèjì sórí ààrò kan bí orogún, wọ́n wá ń ja ìjà iná láàárín ara wọn. Fún kálukú ní tirẹ̀, wọn ò ní pariwo.

Kí Ṣọládé tó fi iná sí wọn rárá, èyí tó sanra kò tiẹ̀ sọ nǹkankan, bátìrì tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú pátápátá. Ẹ̀bi rẹ nìyẹn, ọmọ mi, mi ò ní purọ́. O fi wáyà gìtá sí i lẹ́nu láti Iléyá. Ṣọládé ní bí wáyà bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣe ló máa rò pé iṣẹ́ ṣì wà, á máa mu bátìrì lọ, bí ọmọ tó ti sùn tí ọmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Máa já a lẹ́nu rẹ̀ kí o tó sùn.

Èmi náà fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo rí bọ́tìnnì kan lórí àpótí ọsàn tí wọ́n ní ó ń sọ iye ìgbà tí ohùn máa padà wá, mo ní kí a má ṣahun, mo yí i dé òpin. Ajarat, ohùn tó bá jáde á tún sáré wọlé, á fa òmíràn dání jáde, wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n ń ga sí i, nígbà tó yá ó di híhu bíi ti ajá, ewúrẹ́ sá wọ odò dé orúnkún, ìyàwó ilé kejì ju agbada sílẹ̀ ó ń pe orúkọ Ọlọ́hun. Ṣọládé sáré yí bọ́tìnnì padà, ó ní kò bàjẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá fún un láyè jù. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, bàbá rẹ ló ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti Iléyá.

Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó funfun, ohun tí o bá fún un náà ló máa dá padà fún ọ, kò yọ, kò fi kún un, bí ọmọ iléèwé tó há iṣẹ́ rẹ̀ sórí. O sì lè ní kó dúró pẹ́, kí o tiẹ̀ ti gbàgbé ohun tí o ta, kó tó dáhùn. Èyí tó sanra kò lè dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń dá ohùn padà, bó ṣe ń padà wá ló ń rọ̀ sí i, ó ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó wọ ọkọ̀ tó ń kọrin lọ, tí o kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, tó jẹ́ kìkì ohùn, tí o kò wá mọ̀ bóyá ohùn náà ṣì wà tàbí etí rẹ ló ń rántí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́, omi dúró jẹ́ẹ́, mo gbàgbé pé ẹja wà lórí iná.

Bàbá rẹ dìde dúró. Ó ní bí odò ṣe máa ń dá òun lóhùn gan-an nìyẹn. Ó wá ń sọ ohun tí kò sọ fún mi rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ó ní láyé ìgbà tí òun ń fi ọkọ̀ kó èrò, bí kùrukùru bá bo ojú omi, òun á pariwo, òun á dákẹ́, òun á tẹ́tí. Bí ohùn òun bá tètè padà, èbúté ti sún mọ́, bó bá pẹ́, òun ṣì jìnnà. Ó ní bí òun ṣe ń mọ ọ̀nà ilé nìyẹn. Ó wá bi Ṣọládé bóyá ohùn èèyàn lè wọ inú àpótí náà.

Ṣọládé lọ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ki wáyà rẹ̀ bọ àpótí ọsàn, ó gbé e fún un. Mo rò pé igbe ọlọ́kọ̀ ló máa ké. Bàbá rẹ gbé e sún mọ́ ẹnu, ó ní, "Ajarat." Kò pariwo. Àpótí náà ní Ajarat, ó tún ní Ajarat, ó rọra ń pè ọ́ lọ lórí omi, títí tó fi rẹlẹ̀ bí èéfín. Kò tún un pè. Ó dá ẹ̀rọ padà fún Ṣọládé, ó ní ó ṣeun, ó bọ́ sétí omi lọ bọ́jú.

Nítorí náà bí o bá ń bi mí èwo ni kí o mú lọ síbi eré yín, Ṣọládé ní èyí tó funfun ló dára fún orin tó yára, nítorí kì í ṣi ìlù gbé, pé èyí tó sanra ló dára fún orin pẹ̀lẹ́. Mo ti fi èyí tó funfun sínú agbọ̀n pẹ̀lú ẹja yíyan. Èyí tó sanra kò sí lọ́wọ́ mi, bàbá rẹ ti fi aṣọ rẹ̀ wé e, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bátìrì Ṣọládé ni a lò, mo fẹ́ dá a padà fún un, èédú ti tán, awò ojú mi náà ń fẹ́ férémù. Ṣùgbọ́n má fi sára ògiri báńkì o. Wọ́n ní ẹ̀yin ará ìgboro ti ń gbowó lára ògiri báyìí, mi ò mọ ògiri tí ẹ máa fi tèmi sí, òjò sì lè rọ̀. Fi lé ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá lọ́wọ́.

Ajarat, bàbá rẹ ló mú un wá. Ó ní ọjà Mile 12 lòun ń lọ ra àlùbọ́sà, pé bóyá òun á kàn yà lọ́dọ̀ rẹ bí ọ̀nà bá gba ibẹ̀. Àlùbọ́sà kún ilé yìí. Kò mọ̀wé kà, kò sì mọ ohun tí mo kọ, má kà á sí i létí. Bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, òun kọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, o mọ̀ ọ́n, kò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, á kàn máa wo ògiri. Kúnlẹ̀ kí i, gba agbọ̀n àti ohun tó fi aṣọ wé lọ́wọ́ rẹ̀, fún un ní omi àti àga, kí o sì ta gìtá náà fún un, orin pẹ̀lẹ́ ni o.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ohùn rẹ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò dé, á fi àánú pàdé rẹ lójú ọ̀nà, ayọ̀ kò ní jìnnà sí ilé rẹ. Àmín. Ó tó báyìí, gbé ojú kúrò nínú ìwé yìí, ọkùnrin náà ti dúró pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tàwàkálítù Ọláníyan.