Mo Pa Ojú Odò Àtijọ́ Rẹ́ Nítorí Màmá Mi

Mo ti pa odò kan rẹ́ kúrò lórí map, ẹ̀yin ará page yìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti ìgbà náà. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, mi ò sì ní dárúkọ odò náà, torí ará Ìṣẹ̀ tàbí Ẹmùrẹ́ tó bá gbọ́ ọ á mọ ilé tí mo ti jáde. Map yíyà niṣẹ́ mi. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n gbéṣẹ́ fún pé kí wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ńtì di bèbè odò ládùúgbò wa ló gbà mí, torí ọdọọdún lomi ń jẹ bèbè yẹn... ó ti gbé oko kòkó lọ, ó ti gbé ọ̀nà tí a máa ń gbà lọ pọnmi lọ. Èmi ni mò ń fi àwòrán tí wọ́n yà látinú bàálù láyé àtijọ́ wé èyí tí drone yà báyìí, ká lè mọ ibi tí odò ń gbà tẹ́lẹ̀ àti ibi tó ń kọrí sí. Inú mi dùn síṣẹ́ náà gan-an, kí n má purọ́. Mo rò pé mò ń ṣe àwọn èèyàn mi lóore ni.

Ibi tí ilé wa wà, Ulé-Odò ni wọ́n ń pè é. Láti kékeré, ohun tí mo rò ni pé torí àwọn ilé ibẹ̀ sún mọ́ odò ni. Kódà nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́ sórí map, mo tún un ṣe sí Ilé-Odò, ẹ ṣáà mọ àwa tá a lọ school, a ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu Èkìtì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́... Àfi ìgbà tí mo ṣí àwòrán àtijọ́ yẹn lórí laptop. Odò yẹn ò gba ibi tó ń gbà lónìí rárá. Ibi tí kíṣìnì màmá mi wà gan-an ló gbà kọjá, ó yípo ẹ̀yìn ilé, ó wá jáde nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ilé odò ni lóòótọ́, ilé tí odò ń gbé kó tó kó kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹbí ló fún bàbá mi nílẹ̀ yẹn torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, bàbá mi sì ń yọ̀ pé ilẹ̀ tútù ni, pé ewébẹ̀ á ṣe dáadáa níbẹ̀. Bàbá mi ti ṣaláìsí báyìí. Iwájú ilé yẹn la sin wọ́n sí, láràárọ̀ ni màmá mi máa ń gbá ojú sàréè yẹn kí wọ́n tó gbá ibòmíì, wọ́n á máa bá bàbá sọ̀rọ̀, wọ́n á máa fẹjọ́ àwa ọmọ sùn.

Ṣé ẹ ti ń rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ? Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní òkúta tó wà nílẹ̀ ò lè ká ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì. Ibi tí ojú odò àtijọ́ bá wà, a ò ní dí i, a máa fi sílẹ̀ kómi lè ráyè gbà nígbà tójò bá pọ̀, àwọn tó ń gbébẹ̀ á sì kó kúrò. Tí mo bá ya odò yẹn bó ṣe rí, òdìkejì ni wọ́n máa kó òkúta lọ, ilé wa ti lọ nìyẹn, sàréè bàbá mi á wà lójú ọ̀nà omi. Tí mi ò bá yà á, iwájú ilé wa ni òkúta máa wà, torí ibẹ̀ lomi ti ń jẹ bèbè jù. Mo pa á rẹ́. Mò ń pa á rẹ́, mò ń sunkún. Mi ò tíì fi ránṣẹ́ o... Friday yìí ni ọ̀gá ní àwọn fẹ́ gbà á.

Mo gbìyànjú láti bá màmá mi sọ ọ́. Mo lọ sílé, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ máa gbé n'Ìkẹ́rẹ́, mo ní a lè kó egungun bàbá lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ṣé òkú títú ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì ni. Wọ́n ní ibi tọ́kọ àwọn bá wà làwọn máa wà, tómi bá ń bọ̀, kó wá bá àwọn méjèèjì nílé. Wọ́n wá gbé iyán síwájú mi.

Èyí tó wá ń pa mí lára nìyí. Tí wọ́n bá dí ẹ̀gbẹ́ tiwa, òdìkejì lomi máa ya lọ, ilé Ìyá Bọ́sẹ̀ ló sì wà lódìkejì. Ìyá Bọ́sẹ̀ kì í ṣe ẹbí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré tí màmá mi pẹ́ lọ́sibítù, ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà, wọ́n á pọn èmi, wọ́n á fa Bọ́sẹ̀ lọ́wọ́, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń wẹ̀ fún wa. Àwọn ọmọ Bọ́sẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Mo ti wò ó lórí laptop, mo wò ó títí... pálọ̀ wọn lomi ń wọ̀.

Lánàá ni Ìyá Bọ́sẹ̀ pè mí. Màmá mi ti lọ sọ fún wọn pé èmi ni mò ń ya odò. Wọ́n fi Èkìtì ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kójú tì mí láéláé. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, tójò bá ti ṣú, ńṣe làwọn máa ń gbé àwọn ọmọ yẹn sórí tábìlì, àwọn á jókòó tì wọ́n. Pé ní báyìí àwọn ti ń sùn, torí ọmọ àwọn ló ń ya odò náà. Ọmọ àwọn ni wọ́n pè mí... Mo ní ẹ ṣé mà.

Ẹ má wulẹ̀ bú mi, mo ti bú ara mi tó. Tí mo bá dá odò yẹn padà sórí map, màmá mi ò ní kúrò níbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n. Tí mi ò bá dá a padà ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá. Nínú àwọn ìyá mi méjèèjì, ilé ta ni kí n ya odò yìí sí?