Ìkẹ́dùn lórí Ìpapòdà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àti Òtítọ́ nípa Fáàfù Àárín

Sí ìyàwó olóògbé, sí àwọn ọmọ rẹ̀, àti sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ olórí ẹbí,

Ìbànújẹ́ ọkàn ló gbé kálámù lé Ẹgbẹ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Abẹ́ Omi lọ́wọ́ lónìí, kì í ṣe pé a mọ̀wé kọ. Ìpapòdà ọkọ, bàbá àti àbúrò yín, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bá wa lójijì, ó sì dùn wá dé egungun. A kò ní sọ pé erin wó, nítorí erin a máa pariwo bó bá ń ṣubú, olóògbé kò sì fẹ́ràn ariwo láyé rẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ kan ló dìde láàárín wa, tó rọra jáde. Títí di ìsinsìnyí, bí ẹnì kan bá wọ yàrá irinṣẹ́ wa, a ṣì máa ń gbójú sókè bóyá òun ni.

Ìwé ìkẹ́dùn kì í sábà gùn. Èyí yóò gùn díẹ̀, ẹ foríjì wá. Nígbà tí àwọn aṣojú wa wá kí yín, wọ́n rí i pé ìyàwó olóògbé ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ẹ̀gbọ́n ló fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n ní àlejò kan ló wá kí àwọn, tó jókòó, tó mu omi tán, tó wá ní sìlíńdà afẹ́fẹ́ méjì tí wọ́n so pọ̀, tó máa ń gbé sẹ́yìn wọ omi yẹn, ló pa ọkùnrin náà, pé ká ní ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ ni, ì bá ṣì wà láàyè. Háà! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, gbolóhùn kan ṣoṣo ni ìyàwó olóògbé ń sọ: “Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tọ́ka sí i.” Nítorí gbolóhùn yẹn ni a ṣe kọ ìwé yìí, a sì bẹ ẹ̀gbọ́n kí wọ́n kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Kí ìyàwó olóògbé má bínú pé a ó máa pè wọ́n bí ẹni tí kò sí ní ìjókòó. Bí a bá ń pìtàn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ wa ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún tí ìlú ń mu, láti nu àwọn irin ẹnu ọ̀nà omi, kí ewé àti ẹrẹ̀ má bàa dí wọn. Olóògbé ló ń bójú tó irinṣẹ́ wa láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Yàrá irinṣẹ́ náà kọjú sí omi. Bí oòrùn bá ta sí adágún, ìmọ́lẹ̀ a máa mì lórí àjà, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tòògbé lójú ọ̀sán. Àárín ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Yóò gbé fáàfù, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí afẹ́fẹ́ tí a sì fi ń tì í, sétí bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, yóò tì í bọ inú bàsíà omi láti wò ó bóyá ó ń jò, yóò yọ òrùka rọ́bà inú rẹ̀, yóò nù ún, yóò tún un dá padà. Bí a bá ń kán an lójú, yóò ní, “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi kò lọ síbì kankan.” Ohun tó ń sọ fún wa la fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹni tí kò tíì dé abẹ́ omi lè máa rò pé ibi ẹ̀rù ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ó dùn. Bí èèyàn bá ti kọjá ibi tí omi gbóná, tó bọ́ sí ibi tó tutù, gbogbo ohun tí ń dá a láàmú nílé a fò lọ. Ìmọ́lẹ̀ a di àwọ̀ ewé, a tún ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹja a wá wò ó lójú, a tún lọ. Èémí ara rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́, tó ń wọlé, tó ń jáde. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ máa ń sọ fún wa pé ó dà bí ìgbà tí ìyá òun ń fẹ́ òun ní abẹ̀bẹ̀ tí òun fi sùn lọ. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló máa ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń lálàá kì í rántí wo géèjì, ìyẹn aago tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tó kù hàn. Ìdí tó fi sọ pé òun fẹ́ máa gbé sìlíńdà méjì sẹ́yìn nìyẹn, kí ẹni tó bá gbàgbé ara rẹ̀ díẹ̀ lè rí ọ̀nà padà wálé.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ yan àwọn ohun èlò náà, ní ìsọ̀ kan lójú pópó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ayàwòrán. Ọ̀sán tí gbogbo nǹkan ń falẹ̀ ni. Fáànù ń yí lókè bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ, àwọn fáàfù onídẹ sì tò sínú àpótí onígíláàsì, wọ́n ń dán. Òǹtajà fẹ́ ta èyí tó dán jù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò wo dídán. Ó yan èyí tí rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ohun tí a fi ń fẹnu mí, ń yí wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, ó fi èyí tí a ń dè mọ́ ọn lóde sílẹ̀, nítorí irin ẹnu ọ̀nà omi kì í mọ ẹni tó ń gbá, ó sì lè gbá èyí tó wà lóde yọ. Ó yan èyí tí ìdìmú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè dì mú. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, fa téèpù yọ nínú àpò. Ó ní kí ọkọ òun gbé sìlíńdà méjèèjì kọ́ ẹ̀yìn, kó na ọwọ́ sẹ́yìn orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ọrùn fáàfù, kí òun lè rán bẹ́líìtì tí yóò dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn, bó ṣe ń rán ti gbogbo wa. Ẹ̀rín pa òǹtajà. Ó ní, “Ìyá, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún wọn ni?”

Ìyàwó dáhùn pé, “Aṣọ ni. Wíwúwo ló kàn wúwo.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn ni bí wọn yóò ṣe to sìlíńdà méjèèjì. Ọ̀nà kan ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró pẹ̀lú fáàfù tirẹ̀, kí wọ́n má ní ohunkóhun ṣe pọ̀. Èyí ni olóògbé fẹ́. Ó ní bí ọ̀kan bá jò, kò ní kó bá èkejì. Ọ̀nà kejì ni kí ọ̀pá kan so wọ́n pọ̀, kí fáàfù kan sì wà láàárín ọ̀pá náà. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, bí ẹ bá yà wọ́n, ẹ̀yin lẹ ó máa rántí èyí tí ẹ ti mí tó àti èyí tó kù?” Ọkọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sípàdé òbí nílé ìwé?” Ó wá fìka kan gíláàsì náà. “Èyí tó ní ilẹ̀kùn láàárín ni kí ẹ mú. Ẹ ṣí i sílẹ̀, kí yàrá méjèèjì di ọ̀kan. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ń jò, kí ẹ tì í.” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo fáàfù, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mú èyí tó tọ́ka sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn gbogbo èyí fún wa, kì í sì í sọ ọ́ tán kí ojú rẹ̀ má mọ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé torí ìyàwó sọ̀rọ̀ ló ṣe gbà láìrò ó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo? Ó gbé e lọ sí ibi tí omi kò jìn, ó di ojú ara rẹ̀, ó ń ti fáàfù náà, ó ń ṣí i, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ọ̀nà. Kò fọ̀rọ̀ bò wá lójú nípa ibi tí ewu ohun èlò yìí wà: bí wọ́n bá gbàgbé tí wọ́n ti fáàfù àárín nígbà tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò kún, géèjì yóò sì máa fi ẹnu dídùn sọ pé gbogbo rẹ̀ ló kún. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí sí ọ̀dọ́kùnrin wa tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Olóògbé ṣí àárín náà nínú yàrá irinṣẹ́, a sì gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, ṣíìì. Kò bú u. Ó ní kó tún ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, kó jókòó tì í kó fi kún. Láti ìgbà náà ló ti di òfin láàárín wa pé kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi, ẹnìkejì rẹ̀ yóò fọwọ́ kan fáàfù àárín, yóò sì sọ ọ́ sókè pé ó wà ní ṣíṣí. Òfin yìí ti kó ọ̀pọ̀ wa yọ, a kò sì tíì rí ẹni tó fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọjọ́ náà. Ẹlẹ́rìn-ín àti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Sìlíńdà kan ni Ẹlẹ́rìn-ín gbé, nítorí àwọn oníméjì yòókù wà lẹ́nu àtúnṣe. Irin kan tó ti dógùn-ún já lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà omi, ó sì gé rọ́bà èémí Ẹlẹ́rìn-ín já. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tú jáde pátápátá. Ní ìṣẹ́jú yẹn, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ rẹ́gúlétọ̀ ẹnu ara rẹ̀, ó fi í sí ẹnu ọmọkùnrin náà, ó sì mú rẹ́gúlétọ̀ kejì tó máa ń so mọ́ ọrùn, ó fi sí ẹnu tirẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n kò sáré. Wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró níbi tó yẹ kí wọ́n dúró, kí ìgòkè kíákíá má bàa pa wọ́n lára, ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i lórí wọn. Ẹlẹ́rìn-ín sọ fún wa pé ojú olóògbé balẹ̀ bíi pé wọ́n jọ ń ti ibi iṣẹ́ rìn lọ sílé.

Wọ́n dé òkè. Wọ́n wọ ọkọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bi Ẹlẹ́rìn-ín léèrè pé, “Ṣé ò ń mí dáadáa?” Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Olóògbé mi orí, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì dákẹ́. Àwọn dókítà sọ pé àìsàn ọkàn ni, tó ti sùn sínú ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ọkọ̀ ló kú, lójú ọ̀sán gangan, nínú atẹ́gùn tí Ọlọ́run fún gbogbo ẹ̀dá. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló wọ́n ọn.

A gbé sìlíńdà rẹ̀ fún àwọn olùyẹ̀wò tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Fáàfù kankan kò jò. Bẹ́líìtì tí ìyàwó rẹ̀ rán kò tú lójú kan. Àárín wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ tó kù sì dọ́gba nínú méjèèjì, ó kéré, ó sì tó. A ṣírò rẹ̀ lọ, a ṣírò rẹ̀ bọ̀. Ká ní ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni, èyí tó ti ń mí bọ̀, tó yọ lẹ́nu ara rẹ̀ fún Ẹlẹ́rìn-ín, ì bá ti gbẹ kí wọ́n tó rí ìmọ́lẹ̀. Òkú méjì là bá máa sunkún lé lórí lónìí. Àlejò tó mu omi yín kò mọ ohun tó ń sọ, ẹ sì bá wa sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti gbà pé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kò ní dúró níbi tí bàbá wọn fi í sí. Ọrùn wa ló wà. Iṣẹ́ ilé yòówù tó bá nílò ọkùnrin, ẹ ránṣẹ́. A tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn bẹ́líìtì wa ti ń gbó, a kò sì fẹ́ gbé wọn fún aránṣọ mìíràn. Ìgbàkigbà tó bá wu ìyàwó olóògbé láti ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, a ó ti máa retí.

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ̀yin gan-an là ń bá sọ̀rọ̀ wàyí. Ẹlẹ́rìn-ín ló mú ìwé yìí wá, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yín yẹn. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ náà. Kò lè wá kí yín títí di òní, nítorí ó rò pé òun ló pa ọkọ yín, bí ẹ̀yin náà ṣe ń rò pé ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní àga. Kí gbogbo ilé dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí bó ṣe ń mí. Ohun tí ìka yín tọ́ka sí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Kí Ọlọ́run tó ni èémí tẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí afẹ́fẹ́ rere. Kó nu omijé ojú yín nù pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kó sì jẹ́ kí oorun tó dùn padà wá sí ojú yín. Àmín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Abẹ́ Omi,
ní orúkọ gbogbo wa.